Irú sítíkà ìkìlọ̀ wo ló ń pẹ́ lára ẹ̀rọ gààrí àti dúrọ́ọ̀mù kẹ́míkà?

Alábòójútó_Ìkéré:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà nídìí iṣẹ́ yìí. Ilé iṣẹ́ gààrí àti sítáàṣì ni, láàárín Ìkéré sí Adó. Sítíkà ìkìlọ̀ tí a lẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ti ń ṣí, òmíràn ti ṣá. Ibi mẹ́rin ni wàhálà wà: ara ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́, tí omi kíkan ń dà sí látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ara ẹ̀rọ ìgbẹ (èyí tó ń mú nǹkan gbẹ) tó ń gbóná, dúrọ́ọ̀mù oníke aláwọ̀ búlúù tí omi kọ́sítìkì sódà wà nínú rẹ̀, àti ilẹ̀kùn ilé jẹnẹrétọ̀ tí oòrùn ọ̀sán ń pa. SAV lásán (sítíkà vinyl, ike tó ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn) ni wọ́n bá wa tẹ̀. Ṣé kí a ní kí wọ́n lo èyí tó nípọn jù ú lọ ni?

Atẹ̀wé_Adó:
Nínípọn kọ́ ló ń mú sítíkà pẹ́ o. Ohun tí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ àti ohun tó ń kàn án lára ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. SAV olówó pọ́ọ́kú, èyí tí à ń pè ní monomeric, máa ń sún kì bí oòrùn bá ń pa á. Bó bá ti sún kì, gọ́ọ̀mù á yọjú létí, eruku á lẹ̀ mọ́ ọn, ibẹ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í ká. Fún ilẹ̀kùn jẹnẹrétọ̀, ẹ béèrè polymeric, irú SAV tí kì í sún kì tó bẹ́ẹ̀. Bówó bá tó, ẹ gba cast, èyí tí sísún kì rẹ̀ kéré jù lọ. Kí wọ́n fi laminate (ike fẹ́lẹ́ tó mọ́ gaara) tó ń dènà oòrùn bò ó, kó sì fi mìlímítà 3 sí 5 yọ kọjá ibi tí wọ́n tẹ̀ yíká, kí omi má ráyè gba etí wọlé.

Ẹ má fojú kékeré wo ṣíṣá. Pupa ló sábà ń kọ́kọ́ lọ, dúdú ló ń kẹ́yìn. Àmì "Má mu sìgá" tí òbìrí pupa àti ìlà ìdábùú rẹ̀ bá ti ṣá, sìgá dúdú nìkan ló kù lójú rẹ̀. Ẹni tó bá rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ dísẹ́ẹ̀lì á rò pé ibi tí wọ́n ti ń mu sìgá nìyẹn. Kí pupa tó parẹ́ ni kí ẹ ti pààrọ̀ rẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ lẹ̀ ẹ́, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀, ẹ ṣàn án, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ wá fi aṣọ mímọ́ tó rin fún isopropyl alcohol nù ún. Ẹ má lo pẹtiróòlù tàbí kẹrosíìnì. Òróró wọn máa ń ṣẹ́kù. Lásìkò ọyẹ́, bí ẹ bá ti nù ún tán ni kí ẹ lẹ̀ ẹ́, kí eruku mìíràn tó bà lé e. Láti àárín ni kí ẹ ti máa tẹ̀ ẹ́ lọ sí etí. Kí wọ́n gé igun rẹ̀ roboto, torí igun ṣóńṣó ló ń kọ́kọ́ ṣí. Gọ́ọ̀mù acrylic máa ń tó wákàtí 72 kó tó di mú pátápátá, ẹ má fi omi páìpù lù ú ṣáájú ìgbà náà.

Ẹnjiníà_Ìjerò:
Òótọ́ ni Atẹ̀wé sọ, àmọ́ ara ẹ̀rọ ìgbẹ kì í ṣe ibi SAV rárá. Vinyl ò fẹ́ ooru tó ju nǹkan bí 80°C lọ. Sítíkà polyester, irú ike mìíràn, lè fara da nǹkan bí 150°C, bí gọ́ọ̀mù rẹ̀ bá jẹ́ ti ooru. Ìgbà tí ẹ̀rọ bá ti gbóná dé òpin ni kí ẹ wọn ara rẹ̀, kì í ṣe ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tan án. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ lo pátákó alumíníọ̀mù tí wọ́n fín ọ̀rọ̀ sí, kí ẹ so ó mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ, níbi tí ooru kò pọ̀ sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lu ihò kankan sára bọ́ílà tàbí táǹkì tí afẹ́fẹ́ há sí nítorí àmì.

Lára ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́, ẹ kọ́kọ́ wo ọ̀dà rẹ̀. Bí ọ̀dà bá ń ṣí, sítíkà á bá ọ̀dà lọ, bó ti wù kí gọ́ọ̀mù le tó. Pátákó stainless tí wọ́n fín ni mo fara mọ́ níbẹ̀, kí ríféètì rẹ̀ náà jẹ́ stainless. Ríféètì alumíníọ̀mù lára stainless nínú omi kíkan kì í pẹ́ tí yóò fi jẹ.

Dúrọ́ọ̀mù wá ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí. Polyethylene ni ike yẹn, gọ́ọ̀mù lásán kì í dì í mú. Ẹ kán omi sí i: bí omi bá kó ara jọ bí ìlẹ̀kẹ̀ dípò kó tàn ká, gọ́ọ̀mù LSE (èyí tí wọ́n ṣe fún irú ike tí gọ́ọ̀mù lásán kì í dì mú) ni kí ẹ béèrè. Kọ́sítìkì tún ń jẹ polyester. Ó ń jẹ alumíníọ̀mù náà, gáàsì hydrogen tó lè gbiná a sì máa jáde. Nítorí náà, vinyl tàbí polypropylene ni kí ẹ lò lórí dúrọ́ọ̀mù, kí pátákó alumíníọ̀mù má sì sí nítòsí ibi tí kọ́sítìkì ti ń ta sílẹ̀.

Alábòójútó_Ìkéré:
Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ti dúrọ́ọ̀mù yẹn: kí ló yẹ kó wà lórí rẹ̀, báwo ló sì ṣe yẹ kó tóbi tó?

Ìyá_Aláàbò:
Ọmọ mi, bí dúrọ́ọ̀mù bá gba lítà 200, kí sítíkà rẹ̀ má kéré sí mìlímítà 105 lọ́nà kan àti 148 lọ́nà kejì. Ìwọ̀n tí òfin Yúróòpù là sílẹ̀ fún ohun tó gbà ju lítà 50 lọ títí dé 500 nìyẹn, ó sì dára láti tẹ̀ lé. Àmì tó yẹ ẹ́ ni dáyámọ́ńdì funfun olétí pupa, tí àwòrán omi kẹ́míkà tó ń jẹ ọwọ́ àti irin wà nínú rẹ̀. Kọ orúkọ kẹ́míkà náà àti bó ṣe le tó, kí o wá kọ "EWU" gàdàgbà. Lẹ́yìn náà: ó ń jó awọ ara, ó ń ba ojú jẹ́; wọ ìbọ̀wọ́ àti awò ojú; bó bá ta síni lára, fi omi tó ń ṣàn fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán. Bí ẹ bá ń po ó fúnra yín, fi èyí kún un: kọ́sítìkì ni kí ẹ máa dà sínú omi, ẹ má da omi lé kọ́sítìkì.

Ohun tó ń dẹ́rù bà mí jù ni bí wọ́n ṣe ń bù ú sínú ìgò omi mímu. Mo bẹ̀ ọ́, má gbà á láàyè rárá. Kẹ́ẹ̀gì tó yàtọ̀ ni kí wọ́n máa bù ú sí, kí sítíkà tirẹ̀ sì wà lára rẹ̀.

Fún àmì ara ògiri, bí èèyàn bá máa wò ó láti mítà 10, kí gíga rẹ̀ tó mìlímítà 100 níbi tí iná ti mọ́lẹ̀ dáadáa. Níbi tó ṣókùnkùn, kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kọ ọ́ ní Yorùbá pẹ̀lú àwòrán, torí kì í ṣe gbogbo òṣìṣẹ́ ló ń ka Gẹ̀ẹ́sì. Àmọ́ gba èyí tí atẹ̀wé ṣe lórí kọ̀ǹpútà kí ó tó tẹ̀ ẹ́, kí o wo àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì kì í gbé wọn. "Ọkọ̀ ń bọ̀" tí a kọ sẹ́nu géètì lè di "Oko nbo", ẹni tí fọkílíìfù ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kò sì ní ráyè rò ó lẹ́ẹ̀mejì.