Zaō ní ìparí oṣù kejì: ṣé ẹni tí kò mọ ski lè dé ọ̀dọ̀ àwọn igi oníyìnyín?

Arìnrìnàjò: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Èmi àti ìyàwó mi fẹ́ lọ sí Zaō Onsen, ìlú omi gbígbóná orí òkè ní Yamagata, Japan, ní ìparí oṣù kejì. Mo ń kọ́ ski (pátákó tí wọ́n ń wọ̀ sẹ́sẹ̀ láti yọ̀ lórí yìnyín) lọ́wọ́, òun kò wọ̀ ọ́ rí. Ṣé òun náà lè rí àwọn juhyō, ìyẹn àwọn igi tí yìnyín bò? Kí ló yẹ ká ṣọ́ra fún?

Àkànní: Á rí wọn dáadáa. Bọ́ọ̀sì láti ibùdókọ̀ ojú irin Yamagata kò ju bí ogójì ìṣẹ́jú lọ. Ọkọ̀ orí wáyà méjì ni ẹ ó wọ̀: àkọ́kọ́ dé ibùdó Juhyō Kōgen, èkejì dé ibùdó orí òkè, Jizō Sanchō, tó ga ní mítà 1,661. Kí ìyàwó yín ra tíkẹ́ẹ̀tì àlọ-àbọ̀.

Afẹ́fẹ́ ni ẹ máa ṣọ́. Bó bá le, wọn a dá ọkọ̀ dúró. Ẹ sun ó kéré tán oru méjì, kí ẹ sì gòkè lọ́gán tí ojú ọjọ́ bá ti mọ́. Afẹ́fẹ́ yìí kan náà ló sì ń mọ àwọn igi náà. Láti Siberia ló ti ń bọ̀, ó gba orí Òkun Japan, ó sì fa omi. Ẹ̀kán omi inú ìkùukùu a tutù kọjá òdo láìdì. Bó bá ti kan ewé igi aomori-todomatsu, á dì lójú ẹsẹ̀, yìnyín á lẹ̀ mọ́ ọn, títí igi á fi dà bí eégún tó daṣọ borí. Ìhà tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá ló ń hù sí. Ó dùn mí pé kòkòrò ti pa ọ̀pọ̀ igi nítòsí orí òkè. Èyí tí ewé rẹ̀ ti re kì í gba yìnyín tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Oṣù kejì ni wọ́n máa ń sanra jù, ẹ má jẹ́ kó di àárín oṣù kẹta.

Adùnní: Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ski, ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà láti Jizō wálẹ̀ tó kìlómítà 10, ẹsẹ̀ tó ti rẹ̀ ló ń ṣeni léṣe. Níbi tí ẹ ti ń háyà ski, ẹ sọ ìwọ̀n ara yín bó ṣe rí gan-an, torí òun ni wọ́n fi ń ṣètò ìdè tó so bàtà mọ́ ski. Bó bá le jù, ski kò ní já nígbà tí ẹ bá ṣubú, orúnkún ló máa lọ́. Ìbọ̀sẹ̀ kan péré, kì í ṣe olówùú. Ẹ ha yìnyín ìdí bàtà kúrò kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ wọ inú ìdè, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ kò ní há.

Àkànní: Ó ku omi gbígbóná tí wọ́n ń wẹ̀ níbẹ̀. Ó kan ju ọsàn wẹ́wẹ́ lọ, pH rẹ̀ (ìwọ̀n kíkan; bó ṣe kéré tó ló ṣe kan tó) bíi 1.5, imí ọjọ́ sì wà nínú rẹ̀. Ẹ bọ́ òrùka fàdákà sílẹ̀, á dúdú. Ẹ má jẹ́ kó kan ojú. Ẹ kọ́kọ́ bu omi sára kí ẹ tó wọlé, tówẹ̀lì kì í sì í wọ inú omi.

Arìnrìnàjò: Ẹ ṣé gan-an. Oru mẹ́ta ni a ó sùn.