Mọ́tò mi ń gbóná ní súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìtokú, ó ń tutù lójú títì Kóbapẹ́

Oníàdìrẹ-Ìtokú:

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa mọ́tò. Ẹ gbà mí kí n tó kó owó ọjà lé mẹkáníìkì lọ́wọ́.

Camry ọdún 1999 ni mò ń wà, èyí tí wọ́n ń pè ní pencil light, onísílíńdà mẹ́rin. Tòkunbọ̀ ni ọkọ mi rà á ní 2011. Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtokú, l'Ábẹ́òkúta, Ọbáńtokò ni ilé mi wà. Láàárọ̀ kùtù kì í yọ mí lẹ́nu rárá. Ìrọ̀lẹ́ ni ìjà máa ń bẹ́. Tí mo bá ti kó ẹrù sẹ́yìn, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dá mi dúró lẹ́bàá ọjà, kò ní pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ọwọ́ géèjì ìgbóná á fi kúrò láàárín, á máa gun òkè lọ sí ibi pupa. Ẹ̀bá títì ni mo máa ń pa á sí, tí àwọn ọlọ́kadà á máa wò mí níran.

Èyí tó wá rú mi lójú: lọ́sẹ̀ tó kọjá mo gba Kóbapẹ́ lọ sí Ṣàgámù, mo sáré dáadáa, ọwọ́ géèjì ò mira. Bí mo ṣe padà wọ Adátán, tí a tún ń fà bí ìgbín, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Mẹkáníìkì mi ti yọ thermostat, ìlẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí fún omi ẹ́ńjìnnì tó bá ti gbóná, dànù láti oṣù méjì sẹ́yìn, ó ní ìlú tó gbóná bíi tiwa ò nílò rẹ̀. Ó sàn fún ọ̀sẹ̀ kan. Lọ́jọ́ Ẹtì ó ní top gasket, ìtẹ́lẹ̀ tó wà láàárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀, ló jó, kí n mú ₦95,000 wá. Mo ní kó fi ibi tó ti jó hàn mí, ó ní "Màmá, ẹ ṣáà fọkàn tán mi." Èmi tí mo máa ń tú aṣọ wò tinú-tòde kí n tó sanwó! Omi kànga ni mò ń bù sí i, bíi lítà kan lọ́sẹ̀, mi ò sì rí ibi tó ń kán sí nílẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Bàbá Ríwáyà:

Ẹ kú ọjà o, ìyá oníàdìrẹ. Ẹ má tíì san kọ́bọ̀. Ẹ ti fi ẹnu ara yín sọ ohun tó ń ṣe é. Tí mọ́tò bá ń sáré, afẹ́fẹ́ ojú ọ̀nà ló ń tu rédíétọ̀ lára. Tó bá dúró, fáànù nìkan ló kù. Mọ́tò tó ń gbóná lójú kan, tó ń tutù lórí eré, fáànù ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ká ní orí eré tàbí lórí òkè ló ti ń gbóná ni, ǹ bá ní rédíétọ̀ ti dí nínú, tàbí kí pọ́ǹpù omi ti rẹ̀.

Ẹ ká ìborùn yín kúrò lọ́rùn, ẹ gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, kí ẹ wá tan A/C. Fáànù méjì ló wà níbẹ̀, ti rédíétọ̀ àti ti A/C. Ó yẹ kí méjèèjì yí. Èyí tí kò bá yí, kí ríwáyà, oníṣẹ́ iná mọ́tò, fa wáyà méjì láti orí bátìrì wá bá a tààrà. Tó bá yí, ara fíúùsì, rílè (súwíìṣì tó ń gbé iná fún fáànù) tàbí súwíìṣì ìgbóná (èyí tó ń tan fáànù tí omi bá gbóná) ni àléébù wà. Tí kò bá yí, kí ó fi ìdí sípánà kàn án jẹ́jẹ́. Tó bá ta gìrì tó sì yí díẹ̀, kábọ̀nù inú rẹ̀, èyí tó ń gbé iná wọ inú fáànù, ló ti jẹ tán.

Súwíìṣì ìgbóná Camry yẹn, tí ẹ bá fa wáyà rẹ̀ yọ tí kọ́kọ́rọ́ sì wà lórí iná, fáànù gbọ́dọ̀ yí fúnra rẹ̀. Toyota mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì má baà jóná tí wáyà bá já.

ỌmọAké:

Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Màmá, ẹ jọ̀ọ́, èmi ò lè sọ pé mẹkáníìkì purọ́. Lítà kan lọ́sẹ̀ ti pọ̀ jù. Níbo ló ń gbà lọ? Ti thermostat, èmi náà yọ ti Corolla mi, ọdún mẹ́ta rèé, kò ṣe nǹkan kan.

Bàbá Ríwáyà:

Ọmọ mi, ó ń ṣe nǹkan, owó epo rẹ ló ń jẹ. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní thermostat kì í gbóná dé ibi tó yẹ, epo tó ń mu á sì pọ̀ sí i. Kì í ṣe tìtorí òtútù ìlú òyìnbó ni wọ́n ṣe fi síbẹ̀. Ra tuntun, so ó rọ̀ sínú ìkòkò omi lórí iná: bí omi bá ń súnmọ́ híhó, wàá rí i tó ń la ẹnu. Èyí tí kò bá là, dá a padà fún ẹni tó tà á.

Ti gasket, a kì í fẹnu sọ ọ́, a máa ń wò ó ni. Kí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, ẹ ṣí ọmọrí rédíétọ̀, ẹ wá tan ẹ́ńjìnnì. Tí omi bá ń ta ìfófòó láìdẹ́kun, ó ti jó. Ẹ tún ṣí ibi tí a ń da ọ́ìlì sí, tí ẹ bá rí nǹkan tó dà bíi tíì tí wọ́n pò mọ́ mílíìkì, ẹ́ńjìnnì ti ń mu omi. Ẹ má ṣí ọmọrí rédíétọ̀ tó gbóná o. Mo mọ ẹni tí ojú rẹ̀ bó.

Oníàdìrẹ-Ìtokú:

Bàbá, ẹ ṣeun, ẹ ó jèrè ọmọ. Mo gbé e lọ bá ríwáyà kan ní Pánṣẹ́kẹ́. Ti A/C ń yí, ti rédíétọ̀ dúró bí òkú. Ariwo ti A/C yẹn ló tàn mí jẹ láti ọjọ́ yìí! Wọ́n fa wáyà sí i, kò mira. Wọ́n fi sípánà kàn án, ó ta gìrì, ó kú padà. Tòkunbọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦18,000, iṣẹ́ ọwọ́ jẹ́ ₦4,000. Ìfófòó kankan ò sí, ọ́ìlì mọ́ kedere.

Omi tó ń dínkù, ọmọrí rédíétọ̀ ni. Rọ́bà abẹ́ rẹ̀ ti la, kò lè tẹ omi mọ́lẹ̀ mọ́, kó tiẹ̀ tó hó tán ló ti ń tú u sínú ìgò ẹ̀gbẹ́ rédíétọ̀, tí ìgò ń dà á sójú títì. Mo pààrọ̀ rẹ̀, mo sì fi thermostat tuntun sí i. Omi tí wọ́n tú jáde pọ́n bí àgbo ibà. Wọ́n fi omi fọ̀ ọ́ títí ó fi mọ́, a wá da kúláǹtì, omi ìtutù ẹ́ńjìnnì, sí i, èyí tí wọ́n ti pò tán.

Òkè ẹnu ọ̀nà ilé mi wúlò lọ́jọ́ yẹn: a gbé imú mọ́tò kọ òkè, ọmọrí wà ní ṣíṣí, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ títí gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ fi jáde. Lánàá mo dúró ní Ìtokú bí ogójì ìṣẹ́jú. Mo gbọ́ tí fáànù mú un, ọwọ́ géèjì ò kúrò láàárín. Mẹkáníìkì pè mí lálẹ́, ó ní ṣé mo ti rí owó gasket. Mo ní mo ti fi ra aṣọ.

Ó ku ọ̀kan. Ríwáyà ní òun rí ipa omi tó ti gbẹ lábẹ́ pọ́ǹpù. Ṣé kí n pààrọ̀ rẹ̀ báyìí?

Bàbá Ríwáyà:

Ìgbà wo lẹ pààrọ̀ timing belt, bẹ́líìtì tó ń mú inú ẹ́ńjìnnì yí lásìkò, gbẹ̀yìn? Bẹ́líìtì yẹn ló ń yí pọ́ǹpù nínú ẹ́ńjìnnì yín, ibì kan náà ni wọ́n máa tú fún méjèèjì. Tí ẹ ò bá rántí, ẹ pa á pọ̀ ṣe, kí ẹ má baà sanwó iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Títí dìgbà náà, ẹ máa wo ìgò kúláǹtì láàárọ̀ kí ẹ tó jáde nílé.