Partial index ti wà nílẹ̀, planner PostgreSQL ò sì fẹ́ lò ó

OmoIpata:
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, sàlámù àlékúmù o, ẹ kú iṣẹ́. Mò ń fi dátábéèsì PostgreSQL kọ́ ètò kan fún ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù kan níbí nílùú Ìlọrin, òun ni wọ́n fi ń tọ́jú owó tí wọ́n ń yá ara wọn. Tébù tó gba gbogbo ẹ̀ ń jẹ́ gbese, ó sì ti kún gan-an torí àwọn gbèsè tí wọ́n ti san tán látẹ̀yìnwá ṣì wà níbẹ̀, wọn ò fẹ́ kí n pa á rẹ́. Àwọn tí ò tíì san ò tó nǹkan nínú ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn yẹn gan-an ni akọ̀wé máa ń wá láti àárọ̀ dalẹ́. Mo wá ní kí n má wulẹ̀ fi index (atọ́ka tó ń jẹ́ kí dátábéèsì tètè rí ìlà) sórí gbogbo tébù, kí n fi sórí ibi tí wọ́n ń wò nìkan, ìyẹn partial index:

`CREATE INDEX gbese_sile_idx ON gbese (omo_egbe_id) WHERE ipo = 'ko_tii_san';`

Kúẹ́rì tí ètò ń rán lọ rèé:

`SELECT * FROM gbese WHERE omo_egbe_id = 4471 AND ipo <> 'ti_san';`

Ipò méjì péré ló wà, mo tiẹ̀ fi CHECK dè é pé kò gbọdọ̀ sí ẹ̀kẹta. Síbẹ̀ tí mo bá ṣe EXPLAIN kí n lè rí ọ̀nà tó fẹ́ gbà, Seq Scan ni mò ń rí, ó ń ka tébù látòkè délẹ̀. Ṣé planner (apá PostgreSQL tó ń yan ọ̀nà tí kúẹ́rì máa gbà) ò mọ̀ pé èyí tí kì í bá ṣe ti_san, ko_tii_san ni? Kí ni mo lè ṣe tó fi máa lò ó, àbí kí n kúkú fi index sórí gbogbo ẹ̀?

AlfaData:
Wàlékúmù sàlámù, àbúrò. Má yọ index yẹn o, èrò ẹ dáa. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyí, kí planner tó fọwọ́ kan partial index, ó gbọ́dọ̀ rí ẹ̀rí látinú WHERE tó o kọ pé nínú gbogbo ìlà tí kúẹ́rì ẹ ń wá, kò sí ẹyọ kan tó máa wà lẹ́yìn òde index náà. Tí ò bá rí ẹ̀rí, ó máa fi sílẹ̀ ni, ó sì tọ́ kó fi sílẹ̀, torí tó bá lò ó láìdájú, àwọn onígbèsè kan lè má jáde nínú èsì, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀.

Ẹ̀rí tó lè rí fúnra ẹ̀ ò pọ̀. Ó mọ̀ pé ohun tó bá kéré sí 1 ti kéré sí 2. Ó mọ̀ pé tó o bá ní omo_egbe_id = 4471, kò lè jẹ́ NULL (òfìfo). Tó o bá kọ IN pẹ̀lú nǹkan mélòó kan, ó máa yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Yàtọ̀ síyẹn, àfi kí ohun tó wà nínú WHERE ti index fara hàn bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ nínú WHERE ti kúẹ́rì. Tìẹ yìí, kó tó ti <> 'ti_san' dé = 'ko_tii_san', ó di dandan kó lọ ka CHECK tó o ṣe, kó wá yọ ọ̀kan kúrò nínú méjì, planner kì í sì í wo CHECK tó bá ń yẹ partial index wò.

Ohun tí màá ṣe ká ní èmi ni ìwọ: màá tún index yẹn ṣe, kó di `WHERE ipo <> 'ti_san'`. Kúẹ́rì tó o ní lọ́wọ́ bá a mu lọ́rọ̀ kan, èyí tó bá sì kọ ipo = 'ko_tii_san' náà máa lò ó, torí planner mọ̀ pé ohun tó bá dọ́gba pẹ̀lú ko_tii_san kò lè dọ́gba pẹ̀lú ti_san. Lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ bá sì ní àwọn fẹ́ ipò kẹta, bíi ẹni tó san díẹ̀ tó ku díẹ̀, ó ti wà nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

IyaKoodu_Offa:
Alfa, ẹ ṣeun, ẹ ti sọ èyí tó tóbi jù. Àbúrò mi, wo nǹkan kan sí i kó o tó gbé e lọ fún wọn. Nínú EXPLAIN o kọ 'ti_san' síbẹ̀ gbangba, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ láíbúrárì tá a fi ń bá dátábéèsì sọ̀rọ̀ kì í rán an bẹ́ẹ̀, `ipo <> $1` ni wọ́n máa ń rán, wọ́n á wá fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ lọ́tọ̀. Ìgbà tí planner bá ń ṣètò ló ń wá ẹ̀rí, kì í ṣe ìgbà tí kúẹ́rì bá ń ṣiṣẹ́. Tó bá jẹ́ ètò kan náà (plan, ìyẹn ọ̀nà tí planner yàn fún kúẹ́rì) ló fẹ́ máa lò fún gbogbo $1, kò sí bó ṣe lè mọ ohun tó máa wà nínú ẹ̀, index ti bọ́ nìyẹn.

PostgreSQL máa ń ṣe ètò tuntun fún ìgbà márùn-ún àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà á fi owó wọn (cost, ìyẹn iṣẹ́ tó fojú bù pé wọ́n máa gbà) wé ti ètò gbogbogbò, èyí tó wà fún gbogbo $1, kó tó mú ọ̀kan. Lọ́pọ̀ ìgbà tìẹ á ṣì yege torí ètò tí ò ní index máa gùn ún lójú, àmọ́ wàá máa sanwó ìṣètò yẹn ní gbogbo ìgbà. Àtìgbà PostgreSQL 12 tó jáde ní 2019 ni plan_cache_mode, ibi tí wọ́n ti ń yan irú ètò tó máa lò, ti wà, tẹ́nì kan bá lọ gbé e sí force_generic_plan (ètò gbogbogbò nígbà gbogbo) lórí sáfà yín, partial index tó bá ń dúró de $1 ò ní ṣiṣẹ́ rárá. Kọ ipò sínú kúẹ́rì ní tààràtà, kó o fi $1 sílẹ̀ fún omo_egbe_id nìkan. Kì í ṣe PostgreSQL nìkan o, mo ti rí irú ẹ̀ lórí filtered index (bí wọ́n ṣe ń pe partial index) ti SQL Server náà.

OmoIpata:
Ẹ ṣeun gan-an ni, Ọlọ́run á máa ràn yín lọ́wọ́. Mo ti tún index ṣe bí Alfa ṣe wí, Index Scan ló ń gbé jáde báyìí. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ CHECK yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Ìmọ̀ yẹn wà nínú dátábéèsì, kí ló dé tí wọn ò kọ́ planner láti máa wò ó?

AlfaData:
Ìbéèrè gidi nìyẹn. Inú fáìlì predtest.c nínú kóòdù PostgreSQL ni iṣẹ́ ẹ̀rí yẹn wà, lọ kà á, kò le bó o ṣe rò, kọ́ḿẹ́ǹtì inú ẹ̀ pọ̀. Ohun tó ń dí wọn lọ́wọ́ ni pé gbogbo kúẹ́rì tó bá kan tébù tó ní partial index ló ń san owó ẹ̀rí yìí, lórí index kọ̀ọ̀kan, yálà index náà wúlò fún un àbí kò wúlò. Kúẹ́rì kékeré tí ò ju kó mú ìlà kan wá, tó o bá fi èrò jíjinlẹ̀ kún ìṣètò ẹ̀, ìṣètò á gùn ju iṣẹ́ lọ. Lójú tèmi, ó ṣì yẹ kí wọ́n gba CHECK láyè níbi tí ipò bá jẹ́ ìwọ̀nba bíi tìẹ yìí, kí wọ́n sì jẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ ẹ tan án fúnra ẹ̀. Wọ́n sáà ń tún un ṣe díẹ̀díẹ̀: kó tó di 9.6 ní 2016, tí kọ́lọ́ọ̀mù inú WHERE ti index ò bá sí lára àwọn kọ́lọ́ọ̀mù index fúnra ẹ̀, o ò lè rí Index Only Scan (kó mú èsì látinú index nìkan), àmọ́ wọ́n ti yanjú ìyẹn.

Nítorí owó yẹn náà, má ṣe index kan fún ẹ̀ka ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan o. Mo mọ̀ pé ó máa wá sí ẹ lọ́kàn.

IyaKoodu_Offa:
Òótọ́ ni. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀ka, fi eka_id sínú index kan ṣoṣo, ó tán. Kó o sì mọ̀ pé níwọ̀n bí ipo ti wọ WHERE index, gbogbo ìgbà tẹ́nì kan bá san gbèsè ẹ̀ tí o yí ipo padà, HOT (ọ̀nà tí PostgreSQL ń gbà yí ìlà padà láìfi àkọsílẹ̀ tuntun kún index) ò lè ṣiṣẹ́ fún àyípadà yẹn, àwọn index yòókù lórí tébù náà á gba àkọsílẹ̀ tuntun. Fún iṣẹ́ tìẹ, gbèsè kì í sábà yí ipò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kò lè dùn ẹ́. Lọ wo idx_scan (iye ìgbà tí wọ́n ti lo index kọ̀ọ̀kan) nínú pg_stat_user_indexes lẹ́yìn tí wọ́n bá ti lò ó fúngbà díẹ̀, èyí tó bá ṣì wà ní 0, àyàfi tó bá jẹ́ index UNIQUE, yọ ọ́ dànù.