Àrùn tó mú ọmọ ọbàkan mi ní Jámánì, ṣé ó kan ọmọ tèmi ní Ìjẹ̀bú-Igbó?

Ìyá Bùkọ́lá: Ẹ̀yin ará ilé, ẹ gbà mí nímọ̀ràn jọ̀ọ́. Mo ní ọbàkan kan ní Jámánì, òyìnbó Íńgílándì tí bàbá wa fẹ́ nígbà tí wọ́n kàwé lọ́hùn-ún ló bí i, òun náà wá fẹ́ ọmọ Jámánì. Ọmọ wọn ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, kàn bẹ̀rẹ̀ sí í ta gbọ̀ngbọ̀n bí ẹni mu ẹmu yó, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ ò já geere mọ́, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò títí wọ́n ní Friedreich's ataxia ni, pé àrùn ìdílé ni, ọkàn ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣọ́ báyìí. Ohun tó ń kó mi láyà ni pé àwọn àna Bùkọ́lá ní Ṣágámù ń ṣèwádìí wa lọ́wọ́, ẹnì kan sì ti lọ sọ fún wọn pé ẹsẹ̀ máa ń dá ní ilé wa. Bàbá kan nínú ẹbí ní ká lọ ṣètùtù. Ṣé kí Bùkọ́lá lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì ni àbí kí n panu mọ́?

Ọmọ Alárè: Gàrí ni o! Ṣebí àwọn dókítà wá yẹ àwọn èèyàn wò ní Òsósà níbí nítorí irú àrùn ta-gbọ̀ngbọ̀n bẹ́ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Rẹ́mọ: Ọ̀gá, ìyẹn yàtọ̀. Èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Osuntokun, dókítà ọpọlọ àti iṣan ara ní Ìbàdàn, kọ nípa ẹ̀ ní 1968, tí wọ́n tún rí ní Òsósà, àgbàlagbà ló pọ̀ jù nínú àwọn tó mú, kì í ṣe àrùn àbímọ́, ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fura sí, àwọn míì ò sì gbà bẹ́ẹ̀ títí dòní. Ẹ jẹ́ ká mu gàrí wa. Ìyá Bùkọ́lá, ṣé ẹ mọ AS àti AS? Bó ṣe rí náà nìyẹn. Bàbá gbé jíìnì tó ní àléébù kan, ìyá gbé kan, ara wọn le koko, ọmọ tó bá wá gba méjèèjì ló ń ṣàìsàn, ìdá kan nínú mẹ́rin fún oyún kọ̀ọ̀kan. Àrùn yìí ṣọ̀wọ́n gan-an láàárín àwa aláwọ̀ dúdú.

Láńrewájú_AgoÌwòyè: Bayokẹ́mísìrì ni mò ń kà, ẹ jẹ́ n fi kún un. Dókítà Friedreich ní Heidelberg ní Jámánì ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe ẹ̀ ní 1863, 1996 ni wọ́n tó rí jíìnì ọ̀hún. Lẹ́tà mẹ́ta kan, GAA, nínú àwọn lẹ́tà tí wọ́n fi kọ jíìnì náà ló ń tún ara ẹ̀ kọ níbẹ̀, tiwa kì í sábà ju ìgbà 33 lọ, tàwọn aláìsàn lè kọjá 1000, ìyẹn ni kì í jẹ́ kí ara ṣe pùrótéènì kan tí wọ́n ń pè ní frataxin tó. Inú mitokọ́ńdríà, níbi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń ṣe agbára, ló ti ń ṣiṣẹ́, òun ló ń bá wọn to irin pọ̀ mọ́ imí-ọjọ́. Tó bá ti wọ́n, irin á máa kóra jọ síbẹ̀, iṣan ara àti ọkàn á máa jìyà.

Dáddy Tọ́lá: Ṣé kí wọ́n wá fa irin yẹn jáde ni?

Láńrewájú_AgoÌwòyè: Wọ́n dán an wò sà! Deferiprone, oògùn tó ń fa irin jáde lára, ni wọ́n lò, nígbà tí wọ́n fún wọn púpọ̀ ṣe ni ìrìn wọn tún burú sí i. Oògùn míì, omaveloxolone, ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2023, Yúróòpù ní 2024, àmọ́ ẹni ọdún 16 sókè ni, kì í sì í wò ó sàn, ó kàn ń dẹwọ́ ẹ̀ ni.

Nọ́ọ̀sì Rẹ́mọ: Ìyá Bùkọ́lá, ọbàkan yín gba jíìnì yẹn lọ́dọ̀ bàbá yín tàbí lọ́dọ̀ màmá ẹ̀. Tí màmá yẹn bá wà láyé, kó ṣe tẹ́ẹ̀sì. Tó bá jẹ́ pé òun ló gbé e, èmi ò rí ohun tí Bùkọ́lá ń ná owó sí.

Ìyá Bùkọ́lá: Màmá yẹn wà! Olúwa o ṣé. Mo máa pe ọbàkan mi lálẹ́ yìí. Àwọn àna ńkọ́?

Dáddy Tọ́lá: Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n tó gbọ́ èyí tó burú jùyẹn lọ. Ẹ mú ọkùnrin kan tó lè ṣàlàyé dání, kì í ṣe bàbá elétùtù yẹn o.

Ìyá Bùkọ́lá: Ẹ̀gbọ́n mi tíṣà ni màá mú lọ.