Nóòtì tó ga jù àtèyí tó lọ sílẹ̀ jù nínú MuseScore, báwo lẹ ṣe ń kọ ọ́?

ọmọdùrù:
Ẹ ǹlẹ́ o ẹ̀yin ará. Mò ń fi MuseScore, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń kọ nóòtì orin, kọ orin píánò kan, ọwọ́ ọ̀tún lọ sókè dé C8 tó jẹ́ kọ́kọ́rọ́ ìparí pátápátá, ọwọ́ òsì náà sọ̀ kalẹ̀ dé A0 tó jẹ́ ti ìsàlẹ̀ pátápátá, àwọn ìlà kéékèèké tí wọ́n ń fi kún òkè tàbí ìsàlẹ̀ ìlà orin (ledger lines) wá pọ̀ débi pé wọ́n fẹ́ gun orí ìlà ohùn tó wà lókè ẹ̀. Mo fi 8va (àmì pé kí ohùn ga ní octave kan, ìyẹn nóòtì mẹ́jọ) sí i, nóòtì ò kúrò níbi tó wà, ohùn ló tún ga sí i, àwọn míì ò tiẹ̀ dún mọ́. Kí ni kí n ṣe báyìí?

aṣàkọorin:
Kò sóhun tó bàjẹ́ o. Bí MuseScore ṣe ń ṣe nìyẹn, Sibelius tó jẹ́ ètò ìkọrin míì náà bẹ́ẹ̀: nóòtì á dúró síbi tẹ́ ẹ kọ ọ́ sí, ohùn ló máa sún. Dorico àti LilyPond ló yàtọ̀, tiwọn, ohùn ló ń dúró, nóòtì ló ń sún. Torí náà tẹ́ ẹ bá ti fa ìlà yẹn tán, ẹ mú àwọn nóòtì yẹn kẹ́ ẹ tẹ Ctrl pẹ̀lú ọfà ìsàlẹ̀, á wálẹ̀ ní octave kan. Fún C8, 15ma (octave méjì sókè) ni kẹ́ ẹ lò kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ìlà kéékèèké mẹ́sàn-án á di méjì péré. A0 ní tiẹ̀, 8vb (octave kan sísàlẹ̀) ti tó, ọfà òkè lẹ máa tẹ̀, mẹ́fà á di mẹ́ta. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi 8vb sábẹ́ treble clef (àmì ìlà ohùn òkè) o, ẹ yí clef padà.

fèrèdídùn:
Òótọ́ lọ̀rọ̀ ọ̀gá yìí, àmọ́ píánò nìyẹn. Àwa tá à ń fọn flute, ìlà kéékèèké yẹn gan-an la fẹ́, ojú wa ti mọ̀ ọ́n, 8va ló ń dà wá láàmú. Piccolo ń dún ní octave kan sókè ohun tẹ́ ẹ kọ, double bass ń dún ní octave kan sísàlẹ̀, ẹ má tún wá fi 8va kún un láìnídìí.

onípíánò:
Èyí tí ò dún yẹn, C8 ni nóòtì 108 nínú MIDI (nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ nóòtì), 127 ni MIDI parí sí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ soundfont (fáìlì ohùn) píánò ò ní ohùn kankan lẹ́yìn 108, 8va yín ló sì gbé e kọjá ibẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí nóòtì tó pupa náà, ó kàn ń kìlọ̀ pé ohun èlò yẹn ò lè dé ibẹ̀ ni, ẹ lè pa á nínú Preferences. Kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà ló máa ń tọ̀nà, píánò Bösendorfer Imperial tó ní kọ́kọ́rọ́ 97 sọ̀ kalẹ̀ dé C0.

ọmọdùrù:
Ẹ ṣé gan-an ni, 15ma yẹn ti tún un ṣe. Ó ku nóòtì kan ṣoṣo tó dá fò sókè láàárín, ṣé kí n fi 8va sórí òun nìkan?

aṣàkọorin:
Rárá o, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kéèyàn wọnú 8va kó tún jáde láàárín bíìtì kan, ọwọ́ á ṣì í ni.