Fáyólìnì bàbá àgbà mi: ẹ bá mi wò ó

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa fáyólìnì àtijọ́. Mo lọ wo fáyólìnì tí wọ́n ń pè ní “Messiah” ní mùsíọ́mù Ashmolean ní Oxford, èyí tí Antonio Stradivari, gbajúgbajà oníṣẹ́ fáyólìnì, ṣe ní Cremona ní Ítálì lọ́dún 1716. Ó ń dán bí ẹni pé àná ni wọ́n kùn ún! Ilé Stradivari ló wà títí bàbá náà fi kú ní 1737. Paolo ọmọ rẹ̀ ló tà á fún Count Cozio tó máa ń kó fáyólìnì jọ, ó dé ọwọ́ Tarisio tó ń ṣòwò fáyólìnì, Vuillaume, oníṣẹ́ fáyólìnì ará Faransé, sì rà á ní 1855. Ìdílé Hill, àwọn tó ń ṣe fáyólìnì tí wọ́n sì ń tà á ní London, ló wá fi ta mùsíọ́mù lọ́rẹ.

Tèmi tó jẹ́ ti bàbá àgbà mi ńkọ́? Ìwé pélébé kan wà nínú ikùn rẹ̀: “Antonius Stradivarius”, ìyẹn orúkọ Stradivari ní èdè Látìnì. Mo mọ̀ pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ayédèrú ló ní irú rẹ̀, n ò lálàá owó o. Pákó méjì ni wọ́n lẹ̀ pọ̀ ṣe ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní ilà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tó máa ń dán nínú oòrùn, kíkùn rẹ̀ sì ti ṣí níbi tí àgbọ̀n máa ń wà. Kí ni kí n kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí n tó mọ ibi tí wọ́n ti ṣe é? Irú oníṣẹ́ wo ni kí n gbé e tọ̀ lọ, tí kò ní gba owó gọbọi? Ẹ jọ̀ọ́.