RAM mi kò dúró lórí 3600: ṣé kí n fi kún iná rẹ̀ ni, àbí kí n dín eré rẹ̀ kù?

Ayàfídíò Mayfair:

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ilé-Ifẹ̀ níbí ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Fídíò ìgbéyàwó àti ti ìsìnkú àgbà ni mo máa ń tò pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Ryzen 5 3600 ló wà nínú ẹ̀rọ náà, lórí mọ́dàbọ́ọ̀dù B450. RAM méjì (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó dátà sí bó bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́) ni mo fi bẹ̀rẹ̀, 8GB ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì kọ 3600 CL18 sí wọn lára: 3600 ni eré rẹ̀, CL18 sì ni ìdádúró rẹ̀ kí ó tó dáhùn. Nígbà tí iṣẹ́ pọ̀ sí i tí 16GB kò sì tó mọ́, mo ra méjì tòkunbọ̀ kún un, àwọn náà jẹ́ 8GB, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ mìíràn ló ṣe wọ́n, 3200 CL16 ló sì wà lára wọn.

Bí mo bá fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bí mọ́dàbọ́ọ̀dù ṣe kà á, orí 2133 ló ń ṣiṣẹ́, kò sì sí wàhálà kankan, àfi pé ó ń wọ́. Bí mo bá wọ inú BIOS (ètò inú mọ́dàbọ́ọ̀dù tó ń jí ẹ̀rọ) tí mo tan XMP, ìyẹn ètò tó ń gbé RAM lọ sí eré tí wọ́n kọ sí i lára, ẹ̀rọ náà á tàn, á kú, á tún tàn, á tún kú, lẹ́yìn náà ni yóò padà sí 2133 fúnra rẹ̀. Nígbà mìíràn, ó máa ń gbà láti wọlé lórí 3600, ṣùgbọ́n bí fídíò bá ti ń jáde lọ́wọ́, ojú Windows á yí sí búlúù, á kọ MEMORY_MANAGEMENT, tàbí kí fídíò náà jáde tán kí n wá rí i pé àwòrán ti bàjẹ́ ní àárín rẹ̀. Ẹnì kan ní kí n gbé iná RAM lọ sí 1.5V, pé gbogbo rẹ̀ á dúró. Ẹlòmíràn ní iná NEPA ló ń dà á láàmú. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀ nínú wọn?

Alátùn-únṣe Lágere:

Ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ NEPA kúrò. Bó bá jẹ́ pé iná tó ń lọ sókè sódò ló fà á, ẹ̀rọ náà ì bá máa kú lórí 2133 pẹ̀lú. Nígbà tí ara rẹ̀ ti balẹ̀ lórí 2133, eré tí ẹ ní kí RAM sá ni kí a wádìí.

3600 tí wọ́n kọ sára RAM kì í ṣe ohun tí gbogbo mọ́dàbọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ bá a dé. Fún DDR4, 3200 lórí iná 1.2V ni ìwọ̀n tó ga jù tí JEDEC, ẹgbẹ́ tó ń ṣe òfin RAM, fọwọ́ sí. Ohun tó bá ju ìyẹn lọ, ilé-iṣẹ́ tó ṣe RAM ló dán an wò fúnra rẹ̀, tó sì kọ èsì rẹ̀ sínú ṣíìpù kékeré kan lára RAM náà: eré báyìí, ìdádúró báyìí, iná 1.35V. XMP kò ṣe ju pé ó ń jẹ́ kí mọ́dàbọ́ọ̀dù ka ohun tó wà níbẹ̀ kí ó sì gbìyànjú rẹ̀. RAM tí wọ́n bá dì sínú páálí kan náà ni wọ́n sì dán wò pọ̀. Kò sí ẹni tó dán tiyín wò pẹ̀lú méjì tòkunbọ̀ yẹn rí.

Prósẹ́sọ̀ náà tún ní tirẹ̀ láti sọ, nítorí inú rẹ̀ ni ẹ̀yà tó ń bá RAM sọ̀rọ̀ wà. Fún Ryzen 3000, AMD kò ṣèlérí ju 3200 lọ bí RAM bá jẹ́ méjì. Bó bá di mẹ́rin, ìlérí náà wá sílẹ̀ sí 2933 fún èyí tó jẹ́ single rank (tí ṣíìpù rẹ̀ jẹ́ ọ̀wọ́ kan), àti 2667 fún èyí tó jẹ́ dual rank (ọ̀wọ́ méjì). Ìdí rẹ̀ ni pé ọ̀nà méjì péré ló ti ara prósẹ́sọ̀ yín lọ sí ọ̀dọ̀ RAM. Bí RAM bá di mẹ́rin, méjì-méjì ni yóò máa pín ọ̀nà kan, àmì iná tó ń gba ara bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ inú mọ́dàbọ́ọ̀dù kọjá á máa ta padà láti ara èkejì, títí yóò fi ṣòro fún prósẹ́sọ̀ láti mọ 1 yàtọ̀ sí 0. Bí eré bá kéré, àyè wà fún àmì náà láti fara balẹ̀ kí wọ́n tó kà á. Bí eré bá pọ̀, àyè yẹn kò sí mọ́. Títàn àti kíkú tí ẹ rí yẹn, mọ́dàbọ́ọ̀dù ló ń wá ìgbà tó yẹ kí ó máa ka àmì wọ̀nyí, tí kò rí i, tó sì padà síbi tó dá a lójú.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe ni pé kí ẹ yọ méjì tòkunbọ̀ kúrò, kí ẹ fi tiyín sí ihò kejì àti ihò kẹrin, bí a bá kà á láti ẹ̀gbẹ́ prósẹ́sọ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ mọ́dàbọ́ọ̀dù fẹ́ kí méjì wà. Kí ẹ tó fi wọ́n síbẹ̀, ẹ gbé etí aláwọ̀ wúrà wọn sábẹ́ iná kí ẹ wò ó dáadáa. Bí ẹ bá rí òǹtẹ̀ ìka, tàbí ìdọ̀tí dúdú fẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti èéfín, ẹ fi òwú tí ẹ rẹ sínú spírítì isopropyl nù ún, kí ẹ jẹ́ kí ó gbẹ pátápátá. Ọ̀pọ̀ RAM tòkunbọ̀ tó ń wọ ṣọ́ọ̀bù wa kò ní àìsàn mìíràn ju èyí lọ, pàápàá lẹ́yìn ọyẹ́ tí eruku ti wọ ibi gbogbo. Ẹ tẹ̀ wọ́n wọlé títí tí ìdè etí ihò yóò fi dún, kí ẹ tan XMP, kí ẹ sì fi Memtest86+, ètò tó ń wá àṣìṣe inú RAM, dán wọn wò láti orí fíláàṣì. Bí méjì bá dúró lórí 3600, kò sí ohun tó ṣe RAM yín. Bó bá jẹ́ tèmi, n ó ta tòkunbọ̀ yẹn, n ó sì ra páálí kan tó jẹ́ 16GB méjì.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Iléṣà:

Mo fara mọ́ gbogbo ohun tí Alátùn-únṣe sọ, àfi gbólóhùn tó fi parí rẹ̀. Àbúrò mi, má tíì ta nǹkan kan. Ẹni tó ń tò fídíò pọ̀, bí RAM rẹ̀ ṣe tóbi tó ni kí ó kọ́kọ́ rò, kí ó tó ro bó ṣe ń sáré tó. Bí RAM bá kún, Windows á bẹ̀rẹ̀ sí í kó dátà lọ sórí dírááfù (ibi ìpamọ́ fáìlì, tó ń wọ́ ju RAM lọ), ohun tí o sì máa pàdánù níbẹ̀ ju èrè tí 3600 lè mú wá lọ fíìfíì.

Jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Lórí 2133, RAM rẹ lè gbé nǹkan bíi 34GB kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Lórí 3200, ó jẹ́ 51.2GB, lórí 3600, 57.6GB. Láti 2133 sí 3200, o ti fi nǹkan bí ìdajì kún un. Láti 3200 sí 3600, ìdá kan nínú mẹ́jọ péré ló kù. Ní ti ìdádúró, sọ CL di ìlọ́po 2000, kí o sì fi eré pín in: 3200 CL16 fún ọ ní nanosecond 10, 3600 CL18 náà sì fún ọ ní 10 gan-an. Nítorí náà, 3600 tó ń gba oorun lójú rẹ yìí kò tó nǹkan tí èèyàn ń bá ẹ̀rọ rẹ̀ jà lé lórí. RAM mẹ́rin tó jẹ́ single rank tilẹ̀ ní èrè tirẹ̀, torí pé prósẹ́sọ̀ lè máa ka ọ̀kan lọ́wọ́ nígbà tí èkejì lójú ọ̀nà kan náà ń múra sílẹ̀.

Bí mo ṣe máa ṣe é rèé. Pa XMP, torí nọ́ńbà páálí kan ṣoṣo ni yóò gbé ka orí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ṣí CPU-Z, ètò tó ń fi ohun tó wà nínú ẹ̀rọ hàn, wo abala SPD (ohun tó wà nínú ṣíìpù kékeré ara RAM yẹn), kí o kọ àwọn nọ́ńbà ìdádúró tó wà fún RAM kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí o sì mú nọ́ńbà tó tóbi jù ní ipò kọ̀ọ̀kan. Bí tìrẹ bá jẹ́ 18-22-22-42, bó ṣe sábà máa ń rí fún 3600 CL18, tí ti tòkunbọ̀ sì jẹ́ 16-18-18-38, 18-22-22-42 ni kí o fún gbogbo wọn. Gbé iná sí 1.35V, fi command rate (ìgbà tí RAM ní láti gba àṣẹ) sí 2T, kí o sì bẹ̀rẹ̀ láti 2933. Bó bá kẹ́sẹ járí nínú ìdánwò, lọ sí 3200. Rí i pé FCLK, ìyẹn eré ojú ọ̀nà inú prósẹ́sọ̀, jẹ́ ìdajì eré RAM náà, ìyẹn 1600 fún 3200, kí àwọn méjèèjì lè máa rìn pọ̀.

Ọmọ Ọ̀pá:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú pé mo dá sí i. Àwọn RAM DDR4 kan wà tí ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ kọ 1.45V tàbí 1.5V sí lára. Kí ló dé tí ẹ ń sá fún 1.5V bí ẹni pé iná yóò jó ilé?

Alátùn-únṣe Lágere:

Àbúrò, òótọ́ lo sọ, irú wọn wà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní ṣíìpù Samsung B-die, tó máa ń sáré sí i bí iná rẹ̀ bá ti ń pọ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ ṣíìpù mìíràn kò ní èrè kankan níbẹ̀ ju pé wọn á gbóná lọ. Ooru gan-an sì ni ọ̀tá wa ní Ifẹ̀ yìí. Ojú ibi tí RAM ń tọ́jú dátà sí dà bí akèrègbè tó ń jò: bí a kò bá bu omi kún un láàárín ìgbà díẹ̀, tó jẹ́ 64 millisecond lórí DDR4, ohun tó wà nínú rẹ̀ á lọ. Bó bá ṣe ń gbóná sí i ni yóò máa jò sí i. Ìdí nìyí tí èèyàn fi lè dán ẹ̀rọ wò ní ìdájí kí ó yege, kí ó sì kùnà ní ọ̀sán nígbà tí fáànù kò ṣiṣẹ́.

Bí RAM bá jẹ́ mẹ́rin, ibi tí iná díẹ̀ ti lè ṣèrànwọ́ ni SOC voltage, tó ń bọ́ ẹ̀yà inú prósẹ́sọ̀ tó ń darí RAM. 1.1V tó fún un. Èmi kì í jẹ́ kí ó kọjá 1.2V.

Ayàfídíò Mayfair:

Ẹ ṣeun púpọ̀ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Méjì àkọ́kọ́ nìkan dúró lórí 3600 láìsí wàhálà. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró lórí 2933. Lórí 3200, Windows wọlé, fídíò ń jáde, ṣùgbọ́n Memtest86+ gbé àṣìṣe kan ṣoṣo jáde lẹ́yìn ọ̀pọ̀ wákàtí. Ṣé kí n fojú fo ọ̀kan yẹn dá?

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Iléṣà:

Rárá o. Bí àṣìṣe kan yẹn bá bọ́ sínú àwòrán, ó lè jẹ́ àmì kékeré tí ẹnikẹ́ni kò ní rí; bó bá bọ́ sínú ibi tí dírááfù ń kọ orúkọ fáìlì sí, gbogbo fódà ìgbéyàwó oníbàárà lè di àwátì, kò sì sí ẹni tí yóò sọ fún ọ ní ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀. Gbé SOC lọ sí 1.1V kí o tún un dán wò lórí 3200. Bó bá tún gbé àṣìṣe jáde, orí 2933 ni kí o dúró sí, kí o sì gbàgbé ìyókù.

Bí Memtest86+ bá yege, ìyẹn nìkan kò tó, torí káàdì àwòrán kì í ṣiṣẹ́ nígbà tí ìdánwò yẹn ń lọ, inú ẹ̀rọ á sì tutù. Fi TestMem5, ètò ìdánwò RAM mìíràn, tẹ̀lé e láti inú Windows, ní ọ̀sán, kí o ti ilẹ̀kùn àpótí ẹ̀rọ náà pa bó ṣe máa ń wà lójoojúmọ́. Títí ìdánwò yóò fi parí, má ṣe da fídíò oníbàárà láti ara káàdì kámẹ́rà sórí ẹ̀rọ náà kí o wá pa ti káàdì rẹ́. Nígbà tó sì jẹ́ pé ojú búlúù ti yọ sí ọ tẹ́lẹ̀, ṣe sfc /scannow kí Windows wá àwọn fáìlì rẹ̀ tó ti bàjẹ́ rí.

Alátùn-únṣe Lágere:

N ó fi ohun kan kún un. Bí ẹ bá fẹ́ fi BIOS tuntun sí mọ́dàbọ́ọ̀dù yẹn, torí àwọn BIOS tó jáde lẹ́yìn sábà máa ń bá RAM rẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ, orí ínfátà ni kí ẹ ti ṣe é, ẹ má gbé e lé NEPA. BIOS tuntun á pa ètò tí ẹ ṣe rẹ́, ẹ ó sì tún un kọ. Bátìrì CR2032 tó wà lára mọ́dàbọ́ọ̀dù náà tún ń bẹ: bó bá ti kú, gbogbo ìgbà tí iná bá lọ pátápátá ni ẹ̀rọ yóò padà sí 2133 láìsọ fún yín. Ẹ máa wo abala Memory nínú CPU-Z lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. 1600MHz ni yóò kọ síbẹ̀ bí RAM bá wà lórí 3200, torí ẹ̀ẹ̀mejì ló ń gbé dátà nínú ìlù kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá rí 1066 níbẹ̀, ẹ pààrọ̀ bátìrì.